“Òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni mo ń lò ó”: ìdáhùn sí ẹ̀gbọ́n tí àbúrò rẹ̀ ń fa kokéènì

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀dọ̀ mi ni àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ní Peckham, níbí ní London. Ọmọ ọdún 31 ni, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà. Láti bí oṣù mẹ́fà ni imú rẹ̀ ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Tó bá di alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, kò ní fojú kan oorun títí di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, á wá sùn bí òkú, tó bá wá di ọjọ́ Ajé á máa bá gbogbo ayé jà. Mo bá ọ̀rá kékeré kan nínú ṣòkòtò rẹ̀ tí ìyẹ̀fun funfun ṣẹ́kù sí. Ó ní kokéènì ni, pé òpin ọ̀sẹ̀ nìkan lòun ń lò ó tí òun bá ń mutí pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́, pé ewé ni wọ́n fi ń ṣe é, pé kì í ṣe gbànà tí àwọn ọmọ abẹ́ afárá ń fà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá àyà ro ó tó wákàtí kan. Ìyá wa n'Íjẹ̀bú-Òde ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni, kí n dá a padà sílé. Ṣé lóòótọ́ ni pé ohun tí èèyàn ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò tíì di bárakú? Kí ni kí n máa ṣọ́ lára rẹ̀, kí sì ni kí n ṣe?”

Arábìnrin mi, ohun tí ẹ sọ bí ẹni ń kọjá lọ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú. Àyà tó ro ó yẹn ló ká mi lára ju imú àti owó lọ. Bí kò bá tíì rí dókítà láti ọjọ́ náà, ẹ pe 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera, lónìí, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tó lò, kí wọ́n júwe ibi tí yóò lọ fún àyẹ̀wò ECG, èyí tí wọ́n ń lẹ wáyà mọ́ àyà láti fi wo bí ọkàn ṣe ń lù. Pé ìrora náà ti lọ kò sọ pé ọkàn kò fara gbọgbẹ́. Bí ó bá tún bẹ̀rẹ̀, 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, ni kí ẹ pè lójú ẹsẹ̀. Kó jókòó, kó fẹ̀yìn ti nǹkan, kó má rìn káàkiri. Ẹni tó gba ìpè yín lè ní kó rún aspirin 300 mg lẹ́nu kó tó gbé e mì, bí ara rẹ̀ kì í bá kọ aspirin. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ kokéènì pa mọ́ fún àwọn tó bá wá gbé e. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní beta-blocker, tí àwọn alárùn ọkàn ń lò, tó lè mú kí iṣan túbọ̀ fún pọ̀ lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fa kokéènì. Dókítà tó bá mọ òtítọ́ á gba ọ̀nà mìíràn.

Ohun tí kokéènì ń ṣe fún ọkàn dà bí kéèyàn máa lé ẹṣin ní àlékú, kó sì tún máa fún un lọ́rùn. Ó ń mú ọkàn sáré, ọkàn tó bá sì ń sáré nílò ẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Lẹ́sẹ̀ kan náà, ó ń mú kí àwọn iṣan tó ń bu ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn gan-an fún pọ̀, ó tún ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì nínú wọn. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde l'Amẹ́ríkà ní 1999 rí i pé láàárín wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí èèyàn bá lo kokéènì, ewu kí iṣan ọkàn dí ga tó ìlọ́po 24. Ọdún 31 kì í ṣe apata sí èyí, bẹ́ẹ̀ ni kò gba kéèyàn ti ń lò ó fún ọdún mẹ́wàá. Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ, kí iṣan bẹ́ tàbí kó dí, kí ọ̀dọ́mọkùnrin di alárùn rọpárọsẹ̀ mọ́jú.

Ọtí tó ń mu mọ́ ọn ló tún wá bọ epo síná. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń sọ pé kokéènì ń jẹ́ kí ojú àwọn dá nínú ọtí, àti pé ọtí ń pẹ̀tù sí àwọn lára bí kokéènì bá ń lọ sílẹ̀. Òótọ́ ni pé bó ṣe ń rí lára wọn nìyẹn. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé ọtí kò dín kù nínú ẹ̀jẹ̀, àárẹ̀ rẹ̀ ni kokéènì bò mọ́lẹ̀, nítorí náà wọ́n á mu ìlọ́po ohun tí wọn ì bá mu. Nígbà tí méjèèjì bá pàdé nínú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á fi wọ́n ṣe nǹkan kẹta tó ń jẹ́ cocaethylene. Nǹkan kẹta yìí ń pẹ́ nínú ara ju kokéènì fúnra rẹ̀ lọ, ó sì ń ni ọkàn lára gidigidi. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ẹ lè gbà wọ̀ ọ́, ọtí ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ife kẹta ló ń rán èèyàn létí pé kó pe ẹni tó ń tà á, ẹni tó bá sì fẹ́ fi kokéènì sílẹ̀ tó ń bá ọtí lọ kì í pẹ́ padà síbẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ òpin ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ohun dídùn bá ṣẹlẹ̀ sí wa, ọpọlọ á tú èròjà kan jáde tó ń jẹ́ dopamine, á sì tún ká a kúrò nílẹ̀ kíá bí ẹni ká ẹní. Kokéènì ń dènà kíká yẹn, dopamine á wá kún ibẹ̀ àkúnwọ́sílẹ̀. Ẹni tó fà á símú á rí i pé ó gun òun láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, agbára rẹ̀ á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan. Kíkúrú yìí gan-an ni ìdẹkùn rẹ̀. Ẹni tó mu ọtí yó, yíyó rẹ̀ á dá a dúró, àmọ́ ẹni tó fa kokéènì, lílọ sílẹ̀ rẹ̀ ni yóò ní kó tún fà á. Bí oru kan ṣe ń jẹ́ ìgbà mẹ́jọ, ìgbà mẹ́wàá nìyẹn. Tí gbogbo rẹ̀ bá wá tán, ọpọlọ á ṣófo bí ìkòkò tí wọ́n fọ̀. Oorun tó dà bí ti òkú, ebi tó ń pa á bí ẹni tó gbààwẹ̀, ìbínú ọjọ́ Ajé tí ẹ ń rí, gbèsè tí ara ń san ni, kì í ṣe ìwà burúkú lásán. Àwọn kan máa ń ní ìbànújẹ́ tó le lọ́jọ́ méjì mẹ́ta yẹn débi pé èrò àtipa ara ẹni á máa wá. Bí ẹ bá gbọ́ kó sọ pé ayé sú òun, ẹ má kà á sí àròyé.

Nítorí náà, bárakú kò sinmi lórí iye ọjọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni bóyá ó ń fà ju iye tó ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Bóyá Jímọ̀ ti ń sún mọ́ Ọjọ́bọ̀. Bóyá ó ti ń fà á ní òun nìkan láìsí ọ̀rẹ́ kankan. Bóyá ó ti gbìyànjú kó fi í sílẹ̀ tí kò ṣeé ṣe. Bóyá ó mọ̀ pé àyà ro òun lọ́sẹ̀ tó kọjá tó sì tún jáde ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e. Èyí tó kẹ́yìn yìí wúwo lójú mi ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ lè sọ fún un pé kó fi òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sílẹ̀ pátápátá, tòun ti ọtí. Bí kò bá lè ṣe é, ó ti dá ara rẹ̀ lóhùn. Bí ó bá ṣe é, ẹ yọ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ojú rẹ̀ lè máa fà sí i fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ó ní ewé ni. Òótọ́ ni: ewé koka ni, àwọn ará òkè Andes ní Peru àti Bolivia sì ti ń jẹ ẹ́ lẹ́nu láti ìgbà láéláé bí àwọn bàbá wa ṣe ń jẹ obì. Kokéènì tó wà nínú kìlógíráàmù kan ewé gbígbẹ kì í sábà tó gíráàmù 10, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń wọ ara ẹni tó ń jẹ ẹ́. Láti bí 1860 tí Albert Niemann, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, ti yọ kókó rẹ̀ sọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ewé. Ohun tí wọ́n sì ń pè ní gbànà l'Ékòó lè jẹ́ heroin, ó lè jẹ́ kíráàkì. Kíráàkì, kokéènì kan náà ni tí wọ́n sọ di òkúta kéékèèké tí èèyàn lè mu bíi sìgá: ó ń dé ọpọlọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, á sì tán láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 15, ìdí nìyẹn tó fi ń yára gba èèyàn lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ìyàtọ̀ àbúrò yín sí ọmọ abẹ́ afárá tó ń mu kíráàkì kò ju ọ̀nà tó gbà wọ ara lọ.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun inú ọ̀rá yẹn kì í ṣe kokéènì nìkan. Àwọn àgbà tó bá ń ka èyí á rántí Ketrax, oògùn aràn tí wọ́n ń fún wa nígbà èwe. Levamisole ni orúkọ oògùn inú rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí àwọn tó ń kó kokéènì wọ̀lú ti ń pò ó mọ́ ọn kó lè pọ̀. Lára àwọn kan, levamisole máa ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà, ó sì lè mú kí awọ etí dúdú kó sì kú. Bí ibà líle bá mú àbúrò yín pẹ̀lú ọ̀nà ọ̀fun dídùn tàbí egbò ẹnu, ẹ má fi paracetamol dá a dúró. Kó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kó sì sọ ohun tó ń lò.

Àwọn àmì tí ẹ ní kí n júwe wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n ti orí imú bẹ̀rẹ̀. Kokéènì máa ń pa ara lára kú tipiri. Ní 1884, dókítà kan, Karl Koller, ní Vienna fi í pa ojú lára kú fún iṣẹ́ abẹ. Ìdí nìyẹn tí imú fi lè máa jẹrà kó má dun ẹni tó ni ín. Gbogbo ìgbà tó bá fà á ni iṣan inú imú ń fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ara ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ tó pín ihò imú sí méjì, ara ibẹ̀ á máa kú díẹ̀díẹ̀, á máa ṣẹ̀jẹ̀, á máa yọ èépá, títí ògiri náà fi máa lu. Tí ẹ bá gbọ́ kí imú rẹ̀ máa súfèé tó bá ń mí, tàbí kó sọ pé òun kò gbóòórùn ọbẹ̀ mọ́, ó ti jìnnà nìyẹn. Àmọ́ kí n má parọ́ fún yín, imú ṣíṣẹ̀jẹ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí: ooru ẹ̀rọ amúlégbóná ìgbà òtútù London ń gbẹ imú, ẹ̀jẹ̀ ríru náà sì wà. Ohun tí ẹ ó wò ni bí àwọn àmì ṣe ń tò tẹ̀ léra wọn láàárín ọ̀sẹ̀: ojú tí dúdú àárín rẹ̀ fẹ̀ ní alẹ́, ìpayínkeke, ọ̀rọ̀ tí kò dáwọ́ dúró, lílọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ lemọ́lemọ́ kó tún máa fọn imú padà wá, oúnjẹ tí kò wu ú rárá; lẹ́yìn náà ni oorun, àjẹkì àti ìbínú. Ẹ wo káàdì báńkì tí etí rẹ̀ funfun, owó bébà tí wọ́n ká bí ọ̀pá, bébà kékeré tí wọ́n ṣẹ́ bí àpò ìwé. Ẹ wo owó náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gíráàmù kan sábà máa ń wà láàárín £60 sí £100. Ẹni tó bá ń ra méjì lọ́sẹ̀ ní £80 ti ná £640 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, láì ka ọtí.

Ohun tí ìyá yín sọ, mi ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kokéènì máa ń mú kéèyàn fura sí gbogbo ẹni tó yí i ká, kó máa gbọ́ ohùn tí kò sí, kó máa ní kòkòrò ń rìn lábẹ́ awọ òun, kó máa họ ara títí á fi bó. Bẹ́ẹ̀, láàárín àwa Yorùbá, bí ẹnì kan bá ti ní nǹkan ń rìn lára òun, ibi tí ọkàn àgbàlagbà máa kọ́kọ́ lọ nìyẹn. Kí màmá máa gbàdúrà, ó dára. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé ọ̀tá ló ń ti ìyẹ̀fun sí i nímú, nítorí á rí ibi sá sí. Bí ìfura yìí bá ń bá a lọ ju ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tó ti dáwọ́ lílò dúró, dókítà ọpọlọ ló yẹ kó rí.

Ní ti dídá a padà sílé, ìwọ̀nba ire wà níbẹ̀: yóò jìnnà sí àwọn tó ń tà á fún un àti àwọn ọ̀rẹ́ ọtí. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò rí ohun púpọ̀. Kokéènì wà nílé. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, gbá ohun tó ju 1,800 kìlógíráàmù mú nínú ilé kan ní Ìkòròdú. Ilé ìwòsàn tó mọ iṣẹ́ yìí wà, bíi Àrọ̀ ní Abẹ́òkúta àti ti Yábàá, mo sì fọkàn tán wọn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni àwọn ilé tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè wọ́n, tí wọ́n ń nà wọ́n ní orúkọ ìtọ́jú: oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni ọlọ́pàá tú èèyàn tó lé ní 250 sílẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kan n'Ìbàdàn. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀tàn gbé wálé á tún padà sí London lọ́jọ́ kan, sí òpópónà kan náà àti nọ́ńbà kan náà nínú fóònù rẹ̀. Bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ lọ sinmi lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, ìyẹn yàtọ̀.

Ìtọ́jú ọ̀hún wà nítòsí yín, ọ̀fẹ́ sì ni. Kò sí oògùn kan báyìí tí wọ́n fọwọ́ sí pé ó ń wo bárakú kokéènì, bí methadone ṣe wà fún heroin. Ẹni tó bá fẹ́ ta àgbo tàbí kápúsù fún yín pẹ̀lú ìlérí bẹ́ẹ̀, ẹ sá fún un. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni ìjíròrò tó ní ètò, tó ń kọ́ èèyàn láti mọ ohun tó ń ta á jí àti ohun tí yóò ṣe láàárín ìṣẹ́jú tí ojú bá ń fà á. Èkejì ni ètò tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní ẹ̀bùn kékeré, bíi ìwé ìrajà, ní gbogbo ìgbà tí àyẹ̀wò ìtọ̀ rẹ̀ bá mọ́. Àwọn kan á ní ẹ ń sanwó fún ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù fún kokéènì, NICE tó ń là ìlànà sílẹ̀ fún NHS, ètò ìlera ìjọba, sì ti dámọ̀ràn rẹ̀ láti 2007. Kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti ń ṣe é; ẹ béèrè. Gbogbo àgbègbè London ló ní ibi ìtọ́jú oògùn olóró tí èèyàn lè rìn wọ̀ láìgba ìwé lọ́dọ̀ GP, dókítà ẹbí. Àwọn ẹgbẹ́ bíi Cocaine Anonymous náà wà fún ẹni tó bá bá lára mu. Ọ̀pọ̀ máa ń ṣubú lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dúró.

Ẹ̀rù òfin ló ń dí ọ̀pọ̀ ọmọ wa lọ́wọ́. Dókítà kì í pe ọlọ́pàá nítorí pé èèyàn jẹ́wọ́ pé òun ń lo oògùn. Ibi tí ewu òfin wà fún àbúrò yín ni orí ìjókòó ọkọ̀. Láti 2015, wọ́n ní òṣùwọ̀n fún kokéènì nínú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀, wọ́n sì ní òmíràn fún benzoylecgonine, ohun tí ara ń sọ kokéènì dà: 50 máíkírógíráàmù nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Kokéènì ń tètè lọ, ṣùgbọ́n benzoylecgonine ń dúró, débi pé ẹni tó sùn dáadáa lọ́jọ́ Àìkú lè kọjá òṣùwọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó kéré tán, wọ́n á gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi fún ọdún kan. Kó mọ̀ pẹ̀lú pé DVLA, àjọ tó ń fúnni ní ìwé ìwakọ̀, gbọ́dọ̀ gbọ́ bí ó bá ti di bárakú fún un, dókítà sì lè sọ fún un pé kó fi tó wọn létí. Ìyẹn á dun ẹni tó ń fi ọkọ̀ jẹun, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ yan Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀ láti bá a sọ̀rọ̀, nígbà tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ tí òpin ọ̀sẹ̀ kò tíì dé. Ẹ sọ ohun tí ẹ fojú rí, ẹ̀jẹ̀ imú, àyà ríro, owó, kí ẹ má sì mú orúkọ ìdílé wọ̀ ọ́. Ẹ má fún un lówó lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ẹ san owó tó jẹ fún ẹni tó ni gbèsè, bí ó bá jẹ́ gbèsè tó tọ́. Ẹ lè sọ pé ìyẹ̀fun náà kò gbọdọ̀ wọ ilé yín, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀. Bí gìrì bá mú un, tí ara rẹ̀ gbóná bí iná, tàbí tí kò mọ ibi tó wà mọ́, 999 ni. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ bọ́ aṣọ tó nípọn lára rẹ̀. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ro epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu bí wọ́n ti máa ń ṣe nílé, nítorí ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà. Bí ó bá sì kọ̀ láti lọ síbi ìtọ́jú lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀yin ẹ pe FRANK, ibi tí wọ́n ti ń fúnni nímọ̀ràn lórí oògùn olóró, fúnra yín ní 0300 123 6600. Tọ̀sán tòru ni wọ́n ń gba ìpè, wọ́n sì ń dá ẹbí lóhùn bí wọ́n ṣe ń dá ẹni tó ń lò ó lóhùn.